Orí Keje: Ìbò Ìlú àti Ìbò Inú Ilé — Àwọn Aṣòfin Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré

Láti ìparí ọdún 2018 títí di oṣù kẹfà ọdún 2023, ènìyàn mẹ́rin ló jókòó lórí àga abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Mẹ́ta nínú wọn wá láti apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tí kò jìnnà síra: Adéníran Alágbàdá ń ṣojú Ìsẹ̀/Ọ̀rún, Fúnminíyì Afúyẹ́ ń ṣojú Ẹkùn Kìíní Ìkẹ́rẹ́, Olúbùnmi Adélùgbà sì ń ṣojú Emùré. Ẹni kẹrin, Gbóyèga Aríbisọ́gán láti Ìkọ̀lé, kò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ ìtàn aṣòfin kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá ni iye ìgbà tó wọlé, ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé e wọlé àti iye ìbò tó fi borí. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń dìbò yan aṣòfin ìpínlẹ̀: àwọn ará ìlú a dì í nílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tún dì í nínú ilé aṣòfin. Ní gúúsù Èkìtì, ìbò àkọ́kọ́ máa ń sọ púpọ̀ nípa ẹgbẹ́ tó wà nípò gómìnà, kì í sì í sọ ju díẹ̀ lọ nípa aṣòfin fúnra rẹ̀. Ìbò kejì ló ń fi ẹni tó jẹ́ hàn.

Ká tó gbé ìbò yẹ̀ wò, ó yẹ ká mọ bí àga náà ṣe rí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ, àti pé kí a pín ẹkùn ìdìbò lọ́nà tí iye ènìyàn inú wọn yóò fi súnmọ́ra dé ibi tó bá ṣeé ṣe. Èkìtì, tí wọ́n yọ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ní àga 26 fún ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ìkẹ́rẹ́ ní méjì. Ìsẹ̀/Ọ̀rún ní ẹyọ kan. Emùré náà ní ẹyọ kan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, wọ́n ka ènìyàn 147,355 ní Ìkẹ́rẹ́, 113,754 ní Ìsẹ̀/Ọ̀rún, àti 93,884 ní Emùré. Ìyẹn ni pé aṣòfin Ìkẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́rin ènìyàn, nígbà tí aṣòfin Ìsẹ̀/Ọ̀rún dá nìkan gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 113 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Gbọ́nyìn tó wà ní ẹkùn gúúsù kan náà: ènìyàn 148,193, tó fi díẹ̀ ju ti Ìkẹ́rẹ́ lọ, aṣòfin kan ṣoṣo. Ní ìhà àríwá, Ìléjeméje tó ní 43,530 náà ní aṣòfin kan. Ẹni tó bá ń fi iye ìbò wé iye ìbò láàárín aṣòfin méjì gbọ́dọ̀ rántí àìdọ́gba yìí, torí ìbò tó gbé ẹnì kan wọlé wọ̀ǹtìwọnti níbì kan lè má tó nǹkan kan ní ẹkùn kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbò ìlú. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣe ti ẹgbẹ́ PDP borí Káyọ̀dé Fáyẹmí tó wà lórí àléfà, ó sì borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin dé ní oṣù kẹrin ọdún 2015, PDP kó gbogbo àga 26. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2018, Fáyẹmí padà gba ipò pẹ̀lú ìbò 197,459, Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá ti PDP sì ní 178,121. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2019, ẹgbẹ́ APC ló kó gbogbo àga 26. Ilé tí ẹgbẹ́ kan kó tán pátápátá di ilé tí ẹgbẹ́ kejì kó tán pátápátá láàárín sáà kan ṣoṣo. A kò lè sọ pé aṣòfin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ará Èkìtì dájọ́ fún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì kùnà lọ́jọ́ kan náà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ọ́fíìsì gómìnà ló gbé wọn wọlé, òun náà ló sì gbé wọn jáde.

Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olúṣọlá tó díje fún PDP lọ́dún 2018 jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, òun sì ni igbákejì gómìnà nígbà náà. Ìlú rẹ̀ dúró tì í: ní Ìkẹ́rẹ́, PDP ní ìbò 17,183, APC ní 11,515. Ní Emùré, ìbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 7,121 fún PDP àti 7,048 fún APC, ìbò 73 péré ló wà láàárín wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin péré ni PDP ti borí ní gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ náà, méjì wọ̀nyí sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́jọ, àga méjèèjì Ìkẹ́rẹ́ àti àga kan ṣoṣo ti Emùré ti bọ́ sọ́wọ́ APC. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìwà àwọn ará ìlú náà láàárín oṣù mẹ́jọ tó lè ṣàlàyé èyí. Ohun tó yí padà ni ẹni tó jókòó sí ilé ìjọba ní Adó. Afúyẹ́ àti Adélùgbà, tí àwọn méjèèjì yóò di abẹnugan, wọlé nínú ìbò yẹn. Bí a bá wo iye ìbò wọn nìkan, a kò ní mọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn mẹ́rìnlélógún yòókù.

Àtakò kan wà tó yẹ ká fún ní ìdáhùn tó péye. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn olùdìbò gúúsù Èkìtì kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni, kí ó sì fi ìbò sẹ́nétọ̀ ọdún 2019 kan náà ṣe ẹ̀rí. Nínú ìbò ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún náà, Dàyọ̀ Adéyẹyè, ọmọ Ìsẹ̀, ni àjọ elétò ìdìbò kéde lábẹ́ APC fún Gúúsù Èkìtì. Ṣùgbọ́n Bíọ́dún Olújìmí ti PDP gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fi í sórí àga ní oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ìbò méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gómìnà nìkan ló ń gbé ìbò, kí ló dé tí kò gbé ti sẹ́nétọ̀? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń fi hàn pé àwọn olùdìbò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n dípò kó wó àlàyé wa, ṣe ló ń là á sí i. Sẹ́nétọ̀ ń lọ sí Abùjá. Kò sí ohun tí gómìnà lè fún un tàbí tí ó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó kan oúnjẹ òòjọ́ àwọn ará ìlú. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ ń jókòó sí Adó lábẹ́ òjìji gómìnà. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ṣe láti Ìsẹ̀ sí Emùré, olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà, alága káńsù tí wọ́n fẹ́ yàn, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Olùdìbò tó fi PDP ránṣẹ́ sí Abùjá, tó sì fi APC ránṣẹ́ sí Adó, ń fi ọgbọ́n ṣírò ibi tí ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá ni. Nítorí náà, àga tí ó ń dìbò fún ló ń wò, kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹni tí yóò jókòó sí i.

Àsìkò kan wà tí ìbò ìlú kò mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí nínú ilé yẹn ni Afúyẹ́ ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2007, ilé aṣòfin Èkìtì pín sí méjì ọgbọọgba, 13 fún PDP, 13 fún ẹgbẹ́ AC, Afúyẹ́ sì jókòó lápá AC. Nínú ilé tó pín bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣàìsàn, tó rìnrìn àjò, tàbí tó bá yí ọkàn padà, lè yí gbogbo ìpínlẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí àga abẹnugan fi di ohun tí wọ́n ń jìjàdù lé lórí: nígbà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìbò tó gbé Ṣẹ́gun Òní wọlé ní oṣù kejì ọdún 2009, tí kò sì sí gómìnà tàbí igbákejì, abẹnugan, Túnjí Ọdẹ́yẹmí, ló di adelé gómìnà títí àtúndì ìbò fi parí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006 nígbà tí wọ́n yọ Fáyóṣe ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Aṣòfin tó ti gbé inú ilé 13 sí 13 mọ iye tí ìbò kan jẹ́. Lẹ́yìn náà, Afúyẹ́ ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìròyìn nígbà sáà àkọ́kọ́ Fáyẹmí, kó tó padà sí ilé aṣòfin lọ́dún 2019, sínú ilé tí kò ti sí alátakò kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe abẹnugan ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Kí ló wá ṣe lórí àga? Nígbà tirẹ̀, ilé náà ṣe òfin tó fòfin de ìwà ipá tó dá lórí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, lọ́dún 2019. Òfin tó dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 2020, bí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù ṣe ń ṣe é. Ilé náà ló sì ṣe òfin tó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ti ṣe gómìnà Oǹdó rí, tó sì kú ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Ó rọrùn láti sọ pé Afúyẹ́ gbé yunifásítì wá fún ìlú rẹ̀. Kò tọ̀nà láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìjọba Fáyẹmí ni, owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é, irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà jáde láìsí ìbuwọ́lù gómìnà. Ṣùgbọ́n kò tún tọ̀nà láti sọ pé abẹnugan kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Abẹnugan ló ń darí ètò iṣẹ́ ilé: àbádòfin tí a óò kà lónìí àti èyí tí yóò sùn sínú fáìlì, ìgbìmọ̀ tí a óò gbé e fún àti ẹni tí yóò jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà. Ní ilé tí ẹgbẹ́ kan kó tán, ibẹ̀ gan-an ni agbára wà, torí kò sí alátakò tí yóò béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi pẹ́. Ohun tí olùṣèwádìí lè kọ sílẹ̀ láìṣe àbùmọ́ ni pé àwọn òfin yìí kọjá lábẹ́ rẹ̀, àti pé ilé náà kò dojú kọ gómìnà ní gbangba lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ìdájọ́ tèmi ni pé àìdojúkọ náà ni àléébù tó tóbi jù nínú ilé 26 sí òdo, ẹni yòówù kó jẹ́ abẹnugan.

Àwọn kan ní gúúsù Èkìtì máa ń sọ pé àga abẹnugan tí wọ́n gbà léraléra yìí jẹ́ ìtánràn fún ohun tí wọn kò tíì rí gbà. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ní ìpìlẹ̀. Látìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé lọ́dún 1999, Níyì Adébáyọ̀ wá láti Ìyìn, Fáyóṣe láti Afàò, Ṣẹ́gun Òní láti Ìfàkì, Fáyẹmí láti Ìsàn, Bíọ́dún Oyèbánjí láti Ìkógòsì. Àárín gbùngbùn tàbí àríwá ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí ẹnì kankan láti ẹkùn gúúsù tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Igbákejì ni ó máa ń kàn wọ́n: Olúṣọlá láti Ìkẹ́rẹ́ lábẹ́ Fáyóṣe, Mọ́nisádé Afúyẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ kan náà, lábẹ́ Oyèbánjí láti oṣù kẹwàá ọdún 2022. Mo gbà pé àìṣòdodo wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n pé àga abẹnugan lè dí àyè náà, mi ò gbà. Gómìnà ní sáà ọdún mẹ́rin tí òfin dáàbò bò. Abẹnugan ní àga rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì fẹ́ ẹ. Alágbàdá gorí àga ní ìparí ọdún 2018 nítorí pé ilé náà, ilé kan náà tí PDP kó tán lọ́dún 2015, yọ Kọ́lá Olúwawọlé tó jẹ́ abẹnugan lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ohun tí a fi yíyọ ẹlòmíràn gbà, yíyọ lè gbà á padà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2022 ló fi ìbò inú ilé hàn kedere jù. Afúyẹ́ kú ní Adó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Oyèbánjí gba ìjọba, aṣòfin sì ku 25. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀: Aríbisọ́gán ní 15, Adélùgbà ti Emùré ní 10. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ìròyìn jáde pé aṣòfin 17 ti yọ Aríbisọ́gán, wọ́n sì fi Adélùgbà rọ́pò rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá Èkìtì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí gbogbo mẹ́wàá tó dìbò fún un lákọ̀ọ́kọ́ bá wà nínú àwọn 17, ó kéré tán, méje nínú àwọn 15 tó dìbò fún Aríbisọ́gán ti yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá ní ọwọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló wà nínú ìyípadà náà, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé ìbò inú ilé kò já mọ́ nǹkan kan, kí ó ro èyí wò: gbogbo wọn ni APC gbé wọlé lọ́dún 2019, síbẹ̀ 15 lọ sápá kan, 10 lọ sápá kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ ń fà wọ́n láti ìta, ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́fà àti ìdààmú gbogbo ìpínlẹ̀ kí ìbò náà tó yí. Ìbò ìlú ọdún 2019 kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín wọn. Ìbò yìí fi hàn, àwọn ará ilé olúkúlùkù wọn sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè apá tí aṣojú wọn wà lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti lọ́jọ́ kọkànlélógún.

Ọ̀ràn òfin tó wà nínú rẹ̀ ló wá mú wa padà sí Ìkẹ́rẹ́. Abala 92 ìwé òfin sọ pé abẹnugan yóò fi àga sílẹ̀ bí ilé bá fi ìbò tí kò dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé yọ ọ́. Òfin yìí le, ó sì yẹ kó le: ní ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá ọdún 2014, aṣòfin méje péré nínú 26 kéde pé àwọn ti yọ Adéwálé Omirin, abẹnugan ìgbà náà, nígbà tí mọ́kàndínlógún yòókù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ọdún 2022, ìdá méjì nínú mẹ́ta 26 jẹ́ 17 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni 18 ni yóò tó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 25 kò pé 17, nítorí náà ẹni 17 tó. Bí a bá ka àga 26 tí òfin dá sílẹ̀ fún Èkìtì, ìyọnípò náà kò pé. Bí a bá ka àwọn tó wà láàyè lórí àga, ó pé géérégé, láìsí ẹyọ kan lé. Àwọn àgbà amòfin kan bẹnu àtẹ́ lu ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣe é sì dúró lórí iye wọn.

Àga tó ṣófo náà ni ti Ẹkùn Kìíní Ìkẹ́rẹ́. Ìwé òfin ní kí wọ́n dìbò láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan, bí ó bá ṣì ku ju oṣù mẹ́ta lọ kí ilé tú ká. Oṣù méje ló ṣì kù. Ẹkùn gúúsù ti rí irú rẹ̀ rí ní Ìlà-Oòrùn Èkìtì, níbi tí àtúndì ìbò ọjọ́ ogún oṣù kẹta ọdún 2021 ní Ọ̀mùò ti mú ẹ̀mí lọ, tí àjọ elétò ìdìbò dá a dúró, tí àga náà sì wà lófìfo fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2022, oṣù kan àti ọjọ́ méjì ti kọjá lẹ́yìn ikú Afúyẹ́, wọn kò sì tíì dìbò kankan. Àwọn ará ẹkùn náà kò ní ẹni tí yóò gbọ́wọ́ sókè fún wọn nínú ilé lọ́jọ́ tí ilé ń pinnu ẹni tí yóò jẹ́ olórí rẹ̀, àìsí ìbò wọn ni àwọn tó yọ Aríbisọ́gán sì gbójú lé kí 17 tó lè tó. Adélùgbà lo àga náà títí ilé fi tú ká ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí àwọn aṣòfin tuntun sì fi Adéoyè Aríbásóyè láti Ìkọ̀lé sórí rẹ̀.